Èsì: "Àyàojú" kẹ̀? Àyà ta nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n wa n'Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí orúkọ tí ẹ dá lánàá fún àwòrán ojú ọmọge gbajúmọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà: "àyàojú". Ẹ ní bí lọ ṣe bí àlọ, tí bọ̀ bí àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yà yóò bí àyà. Gírámà gbà fún yín, etí ni kò gbà. Àyà ti wà nílé kí àyà tiyín tó dé. Nígbà tí mo ka àkọlé yín, àyà mi ló kọ́kọ́ já! Bí ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bá sì tún un kọ, ó di aya. Aya ta?

Ẹ tún wo àpẹẹrẹ tí ẹ mú: Madame Gautreau tí ayàwòrán nì, John Singer Sargent, yà. New Orleans ni wọ́n bí obìnrin náà sí ní 1859, Paris ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, òun àti àtíkè rẹ̀. Ní 1883, Sargent lọ bá a nílé wọn ní Brittany, ní ilẹ̀ Faransé, ó ń fi pẹ́ńsù yà á bó ṣe jókòó, bó ṣe fara ti àga, bó ṣe gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí imú rẹ̀ gígùn yọ ṣóńṣó. Kò jẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún un. Àwòrán ńlá tó ti ibẹ̀ jáde dé Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ti Paris, ní 1884, okùn aṣọ kan ti bọ́ léjìká, ni Paris bá gbaná jẹ. Ìgbẹ̀yìn, Sargent fọwọ́ ara rẹ̀ kun okùn náà padà sórí èjìká. Irú èyí lẹ fẹ́ pè ní àyà? Ẹ̀gbọ́n!

"Àfipẹ́ńsùyà" ni tèmi, bí àfọwọ́fà. Tó bá jẹ́ èédú, "àfèédúyà". Ẹni tó ní mo ṣi ohùn lò torí mo kọ "ya àwòrán" níbì kan, "yà á" níbòmíràn, kó lọ wo "gba owó" àti "gbà á". Mo ti fi gírámà yìí kọ́ni pẹ́.

Ọ̀rọ̀ "gbajúmọ̀" tí ẹ lò náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí igba ojú mọ̀ ni gbajúmọ̀. Olè tí wọ́n mú lọ́jà, ṣé igba ojú kò mọ òun náà ni? Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ní báǹkì, tó ń wọṣọ tí gbogbo ìlú ń wò, bọ̀rọ̀kìnní là ń pè é. Ẹnìkan ti ní ọkùnrin nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, l'Abẹ́òkúta, ìyá aláṣọ òkè kan tó kọjá níwájú ilé ló ń bá wí. Kí ọ̀gbẹ́ni náà mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá.