Wọ́n tún dá fọ́ọ̀mù gráǹtì ètò rédíò wa padà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Àjọ tí a kọ̀wé béèrè gráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà, lọ́wọ́ rẹ̀ tún ti já wa kulẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú íméèlì kò ju pé àwọn dúpẹ́, àmọ́ a kò kúnjú òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n wo? Wọn ò sọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ngógó ni ètò tí à ń ṣe lórí rédíò. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 la ti ń gbé máìkì wọ ọjà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí etí mi ń gbọ́. Ìyá kan tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ló fi ń ra òróró tẹ́lẹ̀, ọ̀rá pénpé tí wọ́n so lẹ́nu ló ń rà báyìí. Níṣojú mi ló gbé e sókè sí oòrùn, tó ń wò ó bóyá ó kún, tó tún ní kí wọ́n fi ènì sí i. Tíṣà kan ní ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024, gbèsè ló ń jókòó dè é ní báńkì. Ṣé irú iṣẹ́ yìí ò tó kí èèyàn fowó ràn lọ́wọ́ ni?

Ilé oníkọ̀ǹpútà ni mo ti tẹ fọ́ọ̀mù náà torí kò síná. Ọmọbìnrin ibẹ̀ gba owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó tún ṣi orúkọ mi kọ. Ọmọkùnrin kan tí a jọ kọ́ṣẹ́, tó jẹ́ pé òfófó àwọn òṣèré ló ń sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun rí gráǹtì gbà!

Kí ni kí n ṣe? Ṣé òyìnbó tí mo kọ ni ò dáa ni, àbí wọ́n ti mọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fún kó tó di pé wọ́n kéde?

Àdùkẹ́ Aláṣọ Òkè:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Wọ́n ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ jàre. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa náà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ àwọn obìnrin. A ya fọ́tò, a wọ ankara kan náà, ìyálọ́jà gbàdúrà sí i. Títí dòní, a ò rówó, a ò rí fọ́tò.

Bàbá Máìkì:
Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ohun tó yẹ ká mọ̀ gan-an lẹ ò sọ. Ṣé rédíò ìjọba ni, àbí ti aládàáni, àbí rédíò àdúgbò tí NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fún ní láísẹ́ńsì? Irú ìforúkọsílẹ̀ wo lẹ ní lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Akáǹtì ta ni owó fẹ́ wọ̀? Kí lẹ kọ pé ẹ máa fowó ṣe? Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí ná.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi:
Ọwọ́ òyìnbó lẹ tún ń nà sí? USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, tó kógbá sílé ní 2025 kò kọ́ yín lọ́gbọ́n? Ẹ lọ bá àwọn ọlọ́jà yín kí wọ́n dáwó.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
@Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi, ìyá tó ń ra òróró inú ọ̀rá ni kó dáwó fún rédíò? Ẹ jọ̀ọ́.
@Bàbá Máìkì, a ní CAC sà. Pípé ni.

Títílayọ̀ (Ìbàdàn):
Bọ̀dá mi, ẹ ṣọ́ra fún bọ́jẹ́ẹ̀tì o. Àjọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kọ tiwa ní náírà ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là ò tíì tó ₦500 ní iye tí ìjọba ń lò. Kí owó tó dé, náírà ti já. Iye náírà tí a kọ ni wọ́n ṣẹ́ fún wa, owó dísẹ́ẹ̀lì ti di ohun mìíràn, àkókò tí a fẹ́ rà lórí rédíò ti gbówó lórí. Ìdajì ètò la rí ṣe. Ẹ kọ ọ́ ní dọ́là.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi:
Ẹ gbọ́ ara yín! Ẹ ń sunkún ebi ní Yorùbá, ẹ ń ṣírò rẹ̀ ní dọ́là.

Títílayọ̀ (Ìbàdàn):
Ẹni tó bá ní náírà kó gbé e wá, a óò ṣírò ẹ̀ ní náírà.

Bàbá Máìkì:
"A ní CAC" kì í ṣe ìdáhùn. Tó bá jẹ́ business name, òwò ara ẹni lòfin kà á sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fúnni ní gráǹtì kò ní wo ojú ìwé kejì. Incorporated trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè, tó ní àwọn alábòójútó, ni wọ́n ń wá, ẹ ó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni máa takò yín. Lẹ́yìn náà ni ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó tí kò mọ́, kí báńkì tó ṣí akáǹtì ẹgbẹ́ fún yín. Èwo lẹ ní?

Àdùkẹ́ Aláṣọ Òkè:
Ẹ gba CAC sà, òun ló ṣe pàtàkì.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
Business name ni. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, torí èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi ni mò ń sáré. Ẹgbẹ́ tó bá ní trustee, ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀, mo ti rí i. A ò sì ní rédíò tiwa, àkókò la ń rà lórí rédíò ẹlòmíràn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá wa wí lórí iṣẹ́, kódà mo fi ọ́díò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Bàbá Máìkì:
Ta ló ń sanwó àkókò tí ẹ ń rà?

Títílayọ̀ (Ìbàdàn):
Ìbéèrè gidi nìyẹn o.

Ìyá Ìbejì Ṣakí:
Ẹ jọ̀ọ́, rédíò wo ni? Ọmọ mi ń wá ibi tó máa ti ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ní kí wọ́n lọ ṣe.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
@Bàbá Máìkì, Ọ̀nọ́rébù wa kan ló ń sanwó. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń san án, kò sì sọ pé ká máà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Jíńgù ẹ̀ nìkan, orin kúkúrú tó ń polówó orúkọ ẹ̀, ló ní ká máa fi bẹ̀rẹ̀, ká tún fi parí. Kò pẹ́ rárá.

Bàbá Máìkì:
Jíńgù ọ̀hún wà nínú ọ́díò tí ẹ fi ránṣẹ́?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
Ó wà níbẹ̀. Orin tó dùn ni.

Títílayọ̀ (Ìbàdàn):
Yéè! Ó ń dupò ní 2027 àbí?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
Wọ́n ní ó fẹ́ lọ sí Abuja. Kí ló kan gráǹtì níbẹ̀? Ìjọba tó wà níbẹ̀ báyìí ò fún wa ní kọ́bọ̀.

Bàbá Máìkì:
Òun gan-an ló kàn án. Ètò lórí ìyà aráàlú, olóṣèlú ló ń sanwó ẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. NBC pàápàá kì í fún ẹgbẹ́ òṣèlú ní láísẹ́ńsì rédíò. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti òyìnbó tí ẹ kọ. Ẹ wá rédíò àdúgbò tó ní láísẹ́ńsì, kí wọ́n jẹ́ olùbéèrè, kí ẹ̀yin ṣe ètò fún wọn. IPDC, ètò UNESCO tó ń ran iṣẹ́ ìròyìn lọ́wọ́, máa ń ran irú wọn lọ́wọ́, ọ́fíìsì wọn ní Abuja lẹ máa gbà. Ẹ kọ ohun tí ìyá olóróró máa rí gbà nínú ètò náà: iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà mìíràn, ibi tó ti lè yáwó láìsí èlé gọbọi. Ẹ má kàn kọ pé ìlú le, gbogbo wọn ló ti mọ ìyẹn.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
Tí mo bá gé jíńgù yẹn kúrò ńkọ́, kí n tún fi ọ́díò náà ránṣẹ́?

Títílayọ̀ (Ìbàdàn):
Bọ̀dá mi! Wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń sanwó lẹ máa gé.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi:
Ẹ̀yin tí ẹ ń bú Ọ̀nọ́rébù, òun ló sanwó nígbà tí kò sẹ́ni tó dá yín lóhùn o.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìbàràpá:
Ẹ ṣeun fún ìyẹn. @Bàbá Máìkì, mo ti rí ọ̀rọ̀ yín sà. Ó ti san ti oṣù yìí ná. Rédíò àdúgbò wo ló sún mọ́ wa jù?