Kí ni ìtọ́jú ajá kọ́ yín nípa ìgbésí ayé tiyín?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Tanímọ̀la, ajá wa, ti pé ọdún 12. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń wúwo. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní kí á tà á fún àwọn tó ń pa ajá jẹ, kí owó oúnjẹ rẹ̀ má baà máa ṣòfò. N kò bínú sí wọn, nítorí bí wọ́n ṣe bá a nílé ni. Ṣùgbọ́n ajá yìí kan náà ló gbó títí tí gbogbo wa fi jí ní òru ọjọ́ tí iná fẹ́ jó ilé ìdáná wa. Yàtọ̀ sí ṣíṣọ́ ilé, kí ni ẹ̀yin rí kọ́ lára ajá yín? Mo fẹ́ ka ìdáhùn yín fún wọn.

Ọmọ Ọdẹ:
Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀, ìyá wa. Ọdẹ ni bàbá mi. Bí wọ́n bá ti igbó dé, bó ti wù kí ó rẹ̀ wọ́n tó, wọn kì í jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ti yọ eégbọn létí ajá wọn, tí wọ́n sì ti wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹ̀gún gún un. Bí wọ́n bá ń kun ẹran, ìpín ajá ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé sọ́tọ̀. Àṣejù ni mo pè é nígbà èwe mi. Ìgbà tí èmi náà gba ọmọṣẹ́ méjì sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ni ó tó yé mi pé ẹni tó bá ni ṣe làálàá kò yẹ kó máa dúró de àjẹkù. Èyí tó darúgbó nínú àwọn ajá náà jẹun lẹ́nu ọ̀nà wọn títí ó fi kú, a sì sin ín sábẹ́ igi ọsàn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀kọ́ tèmi korò. Dókítà ẹran sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gbà títí yóò fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Mo gba ti àkọ́kọ́, mo wá ń sọ pé ó di ìparí oṣù. Kí oṣù tó parí, àrùn parvo ti mú un: ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ní ọjọ́ kẹta ó kú. Láti ìgbà náà n kì í fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi falẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ dìgbòlugi falẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí àmì àìsàn náà bá ti yọjú, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn yè é.

Olùkọ́ Àgbà:
Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo rí bàtà tí ajá mi ti jẹ, ńṣe ni mo máa ń nà án. Kò lè so ìyà náà mọ́ ohun tí ó ti ṣe láti àárọ̀. Ìwọlé mi ló wá ń bẹ̀rù. Mo yí padà, mo ń fún un ní ẹran díẹ̀ ní kété tí ó bá ṣe ohun tí mo fẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó ṣàkíyèsí àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ara wọn máa ń kó jọ bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn mi, ojú sì tì mí gidigidi. Ní ti Tanímọ̀la, ẹ má ṣe máa ṣí àwo oúnjẹ rẹ̀ nípò, kí ẹ sì máa pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ó má baà ta gìrì. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ó lè pa á.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kà á fún wọn lálẹ́ àná. Wọn kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi bi mí láàárọ̀ yìí pé níbo ni àwo oúnjẹ rẹ̀ máa ń wà.