Ẹsẹ̀ ajá ń họ afẹ́fẹ́ tí mo bá ra etí rẹ̀: ṣé kúrúnà ni?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ajá dáadáa, ẹ gbà mí. Abo ajá ìbílẹ̀ ni, ọmọ ọdún méjì, ní Ìkòròdú níbí. Bí a bá họ ọ́ ní ìhà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà á máa họ afẹ́fẹ́ kíákíá, àfi tí ọwọ́ bá kúrò. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù: iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń ṣe é, ajá kọ́ ló ń pinnu ẹ̀. Charles Sherrington, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1906.

Etí ló ń kọ mí lóminú. Tí mo bá ká ṣóńṣó etí, tí mo fi ra ìdí etí náà, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Àwọn dókítà ẹranko máa ń fi èyí wá kúrúnà. Àmọ́ irun etí ò já, ìgúnpá àti ikùn mọ́, kò sí èépá. Mo ya irun rẹ̀ pẹ̀lú kóòmù eyín wẹ́wẹ́ sórí aṣọ funfun tútù: kò sí eégbọn, kò sí ìdọ̀tí dúdú tó ń di pupa, ìyẹn ìgbẹ́ eégbọn. Inú etí ò rùn. Wọ́n họ awọ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n kòkòrò kúrúnà lè wà lára ajá kí àyẹ̀wò yẹn má rí i, àwọn ọmọdé sì ń bá a ṣeré.

Ṣé ajá tí kò ní kúrúnà rárá lè máa ṣe báyìí tí a bá ra etí rẹ̀, àbí kí ìtọ́jú kúrúnà bẹ̀rẹ̀ láì dúró kí irun já?