IT tí gbogbo ọmọ ń lé: ohun tó ń ṣílẹ̀kùn àti ohun tó ń tì í

Akọ̀wé Fáìlì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àsìkò IT, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní ilé-iṣẹ́, ti dé, àwọn ọmọ ti ń gbé ẹ̀nfílóòpù káàkiri ní Èkó láti Ọba Akran dé Ìlúpéjú. Níbi tí lẹ́tà 20 ti ń wọlé lóòjọ́, kò sẹ́ni tó ń jókòó wo máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ pé, tó dé ṣáájú èrò, tó sì padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó padà, òun ni wọ́n máa ń rántí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. ITF, àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, ló dá SIWES, ètò tó ń darí IT, sílẹ̀ ní 1973. Oṣù 6 ni ti ọmọ ẹnjiníà ní yunifásítì, oṣù 4 ni ti ọmọ ND (díplómà) ní pólì. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 5 sókè ń san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF, òfin kan náà sì ní kí wọ́n máa gba akẹ́kọ̀ọ́ fún IT. Ẹ kì í ṣe alágbe lẹ́nu géètì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ ń ka òfin sétí ẹ̀ṣọ́ á rí i pé géètì kì í ṣe kóòtù.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì: lẹ́tà ìfihàn láti ọ́fíìsì SIWES ilé-ìwé yín, lẹ́tà ìbéèrè tí ẹ kọ fúnra yín, CV ojú ìwé kan péré, àti fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ìfihàn kan ṣoṣo ni ilé-ìwé fún yín, fọ́tókọ́pì lẹ máa fi sílẹ̀, ojúlówó á wà lọ́wọ́ yín di ọjọ́ tí wọ́n bá gbà yín.

Nínú lẹ́tà ìbéèrè, "mo ń wá àyè IT" nìkan kò tó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa parí, ẹ kọ ẹ̀ka tí ẹ fẹ́, ẹ sì kọ ibi tí ẹ máa gbé. Ibi tí ẹ máa gbé yìí, ọ̀pọ̀ ni kò kà á sí. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Àgbárá, tí iṣẹ́ àárọ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, kò ní fẹ́ fi àyè ṣòfò lórí ọmọ tó máa ti Ìkòròdú wá. Wọ́n mọ̀ pé títí ọ̀sẹ̀ kẹta á ti máa dé ní aago 9. Bí ẹ bá ní àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ìtòsí ibẹ̀, tó sì gbà kí ẹ máa sùn sílé òun, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ohun tó ń pa lẹ́tà jù ni orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ á yí orúkọ tó wà lókè padà, á gbàgbé èyí tó wà ní ìpínrọ̀ kẹta. Ẹni tó ń kà á á wá rí i pé ilé-iṣẹ́ tí àwọn jọ ń dù ọjà ni ọmọ ń yìn. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ẹ̀dà 2 ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí ẹni tó gbà á lu òǹtẹ̀ sí èkejì. Bí òǹtẹ̀ ò bá sí, kó fi bírò kọ déètì, aago àti orúkọ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bébà kékeré yìí lẹ máa nà síta bí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ọjọ́ 10 pé àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Lẹ́tà a máa sọnù lóòótọ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ géètì. Òǹtẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kó di ẹjọ́ ọmọ.

Àkànbí Wọ́kṣọ́ọ̀bù

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àsìkò kún un. Bí IT bá máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni kí lẹ́tà ti máa wọlé, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í dá gba ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kó orúkọ jọ, wọ́n á tò ó, ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sọ iye tó fẹ́, wọ́n á wá pe èèyàn. Ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tí orúkọ ti jáde, ẹni ńlá ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó wọlé.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ náà ní ìtumọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìpàdé ni. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ọkàn gbogbo èèyàn ti wà nílé. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, láàárín aago 10 sí 12, lẹ ti lè rí ẹni tó máa fara balẹ̀ gbọ́ yín.

Bí wọ́n bá pè yín wọ wọ́kṣọ́ọ̀bù fún ìbéèrè, kì í ṣe ìtumọ̀ thermodynamics ni wọ́n máa bi yín. Wọ́n lè gbé vernier caliper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìbú nǹkan, lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n ní kí ẹ wọn ọ̀pá irin kan. Ẹ wo ibi tí òdo orí ìwọ̀n kékeré bọ́ sí lórí ìwọ̀n ńlá. Ká ní ó ti kọjá 24 mm. Ẹ wá ìlà orí ìwọ̀n kékeré tó bá ìlà orí ìwọ̀n ńlá ṣe déédéé. Ká ní ìlà 13 ni, tí caliper náà sì jẹ́ ti 0.02 mm (iye tí ìlà kọ̀ọ̀kan orí ìwọ̀n kékeré dúró fún): 13 lọ́nà 0.02 jẹ́ 0.26, ó di 24.26 mm. Ohun tí ọ̀gá ń dúró wò gan-an ni bóyá ẹ kọ́kọ́ pa ẹnu caliper pọ̀ láti mọ̀ bóyá òdo bá òdo mu. Bó bá fi 0.04 ṣíwájú, ẹ yọ ọ́ kúrò, 24.22 ni ìdáhùn. Ọmọ tó bá ṣe èyí láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè ná.

Bàtà onírin lẹ́nu náà, ẹ wá a kí wọ́n tó pè yín. Àwọn ibòmíràn ò ní jẹ́ kí ẹ kọjá ìlà yẹ́lò pẹ̀lú sáńdà.

Ìyá Láàbù

Ẹ̀yin ọkùnrin, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì àti báńkì nìkan kọ́ ni IT o. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tó ń sáré kiri Victoria Island máa ń fi ibi tí ẹ̀rọ tó dára wà sílẹ̀. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, wà ní Òṣòdì. Ní Ìbàdàn, CRIN tó ń ṣèwádìí lórí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, NIHORT ti ewébẹ̀ àti èso wà ní Ìdí-Ìṣin, IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ti IITA, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dù ú, ẹ tètè kọ̀wé síbẹ̀.

Ní ilé ìwádìí, ẹni tó ni iṣẹ́ ìwádìí ló máa ń sọ iye ọmọ tó fẹ́. Nítorí náà kí lẹ́tà yín kọjá rẹjísìrì, ọ́fíìsì tó ń gba ìwé, kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ̀ka yẹn ń ṣe lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, kí ẹ kọ gbólóhùn 2 tó fi hàn pé ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀: títẹ́ àgà (ohun tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò àìfojúrí sínú àwo), lílo autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru omi pa kòkòrò), wíwọn pH (bí nǹkan ṣe kan tó). Ẹ má kọ ohun tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn, torí ìbéèrè kan péré á tú u síta.

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀: "Po lítà 1 sodium hydroxide 0.1 M fún mi." Gíráàmù 4 ni, gbogbo ọmọ ló mọ ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń já bọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Omi ló ń ṣáájú nínú bíkà, sodium hydroxide náà ló ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, torí ó ń gbóná. Kó tutù kí ẹ tó dà á sínú flask, kí ẹ tó fi omi kún un dé àmì. Bí wọ́n bá wá bi yín pé ṣé 0.1 gẹ́lẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń fa carbon dioxide, ẹ gbọ́dọ̀ fi ásíìdì tí agbára rẹ̀ dájú yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Pólì

Ẹ ṣeun mà. Bí wọ́n bá wá ní "a ti kún" ńkọ́? Ibi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí.

Akọ̀wé Fáìlì

Àbúrò, "a ti kún" ju oríṣi kan lọ. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀ṣọ́ géètì ló ti jáde, ohun tó ń sọ ni pé ó rẹ òun láti máa dáhùn. Ẹ kí i dáadáa, ẹ bi í ní orúkọ ẹ̀ka tó ń gba lẹ́tà àti ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á. Tó bá jẹ́ akọ̀wé nínú ọ́fíìsì ló sọ ọ́, ó lè jẹ́ òótọ́ ní ẹ̀ka kan, kó má rí bẹ́ẹ̀ ní òmíràn. Ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí, ìgbà wo ni wọ́n máa parí?" Ìdáhùn yẹn ni déètì tí ẹ máa padà wá.

Èyí tí àwọn ọmọ ò mọ̀ rèé. Ọmọ kan lè gba ìwé ìgbaniwọlé ní ibi 3, ibi kan ṣoṣo ló sì lè lọ. Ọ̀kan lọ, 2 ṣófo, kò sì ní í rántí sọ fún wọn. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí IT ti bẹ̀rẹ̀ ni àyè máa ń jáde ní ibi tó "ti kún". Ẹni tí bébà olóǹtẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, tó sì wọlé ní àárọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ni wọ́n máa fi dí i. Orí kunkun tó ní kàlẹ́ńdà la ń pè ní ìpinnu. Èyí tí kò ní kàlẹ́ńdà, ẹ̀sín ni, wọ́n á sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó má jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́.

Iye ìgbà tó tó: ẹ pè lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ lọ fúnra yín lẹ́yìn ọjọ́ 14, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo sọ. Lórí fóònù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́". Ẹ sọ pé: "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi lágbájá láti ilé-ìwé báyìí, mo fi lẹ́tà IT sílẹ̀ lọ́jọ́ báyìí, ẹni báyìí ló gbà á. Ṣé mo lè mọ ibi tó dé?" Ìṣẹ́jú 1 ti tó.

Ọmọ Pólì

Bí déètì tí ilé-ìwé fún wa láti mú ìwé ìgbaniwọlé wá bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀ ńkọ́?

Àkànbí Wọ́kṣọ́ọ̀bù

Ẹ gba ìwé ní ibi kékeré kan tó jẹ mọ́ kọ́ọ̀sì yín ná, kí orúkọ yín má bọ́ nínú àwọn tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí ITF. Ìwé ìgbaniwọlé gbọ́dọ̀ wà lórí bébà tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, kó ní déètì, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Bí ibi ńlá bá pè yín lẹ́yìn náà, ẹ má kàn ṣí lọ. Ẹ kọ́kọ́ dágbére níbi àkọ́kọ́, kí ẹ mú ìwé tuntun lọ sí ọ́fíìsì SIWES, kí wọ́n yí àdírẹ́sì padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olùkọ́ tó ń ṣàbẹ̀wò á dé àdírẹ́sì àtijọ́, kò ní bá ẹnikẹ́ni, á sì kọ ọ́ pé ẹ ò sí níbi iṣẹ́.

Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín fún "fọ́ọ̀mù" tàbí "àyè", ẹ sá fún un. Ilé-iṣẹ́ gidi kì í ta àyè IT. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí ni ti orí WhatsApp: òǹtẹ̀ wà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá wà, àmọ́ ìméèlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti Gmail.

Ìyá Láàbù

Ó ku ẹyọ kan: fóònù yín. Bí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀kan tí kò lọ, wọ́n á bọ́ sórí orúkọ tó kàn. Ẹ kọ nọ́ńbà 2 sí CV, kí èkejì jẹ́ ti òbí tàbí ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì sọ fún onítọ̀hún pé ìpè lè wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màmá á gbé e, á ní "wrong number", á pa á.