StringIO: mo kọ̀wé sí i, òfìfo ni mo bá níbẹ̀

Ará Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa, tí yóò máa to orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tí oníkálukú fi pamọ́ lóṣooṣù. N kò fẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà wọ inú fáìlì kí akápò tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí nìyẹn tí mo fi lo io.StringIO, kí ọ̀rọ̀ lè wà nínú mẹ́mórì nìkan. Mo pe write fún ìlà kọ̀ọ̀kan láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe read, òfìfo ni mo rí. Mo tún kà á lẹ́yìn tí with, ìpín kóòdù tí mo dá StringIO náà sílẹ̀ sí, parí, ó sì fún mi ní àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní ValueError. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ará Kàdúná:
Ọ̀rọ̀ yín kò sọnù ní ti read. StringIO ń ṣe bí fáìlì gan-an: ó ń rántí ibi tí ẹ kọ̀wé dé, ibẹ̀ náà ni read sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ ti kọ ọ́ dé òpin, kò sí ohun tí ó kù níwájú tí yóò kà. Ẹ pe seek(0), tí ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó pe read, tàbí kí ẹ kúkú lo getvalue, tí ń kó gbogbo rẹ̀ wá láìka ibi tí ẹ dé sí. Ní ti ValueError, bí with bá ti parí, ó ti ti object náà, ìyẹn StringIO yín, pa, ohun inú rẹ̀ sì ti dànù, nítorí náà inú with ni kí ẹ ti pe getvalue.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí pẹ̀lú: bí ẹ bá fi àkọlé sínú StringIO nígbà tí ẹ ń dá a sílẹ̀, write àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí, yóò sì kọ lé àkọlé náà. Mo ti pàdánù àkọlé bẹ́ẹ̀ rí.

Ará Kano:
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni ẹ ti dá StringIO náà sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ inú kíláàsì (class, àwòṣe tí a fi ń dá object sílẹ̀) àkọsílẹ̀ yín ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí method (iṣẹ́ tí a kọ sínú kíláàsì) tí ń kọ̀wé gba object tí yóò kọ ọ́ sí lọ́wọ́ ẹni tí ó pè é, kí ó má sì béèrè ju pé kí object náà ní write lọ. Lónìí ẹ ó gbé StringIO fún un kí akápò lè rí i. Lọ́la ẹ ó gbé fáìlì gidi tàbí sys.stdout, tí ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà, fún un, láìfọwọ́ kan ìlà kan nínú kíláàsì náà. Nínú Java, èdè ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí èmi fi ń jẹun, StringWriter (tí ó jọ StringIO) jẹ́ ọmọ Writer, method tí ó bá sì gba Writer kò ní bìkítà èyí tí wọ́n gbé fún un. Ìyàtọ̀ kan ni pé close kò ba ohun inú StringWriter jẹ́.

Ará Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n iye owó kò tò dọ́gba níbi tí orúkọ bá ti ní àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ljust, tí ń fi àyè kún ọ̀rọ̀ títí yóò fi gùn tó bí a ṣe fẹ́, ni mo lò.

Ará Kàdúná:
Lẹ́tà 4 ni Ẹ̀bùn lójú wa, ṣùgbọ́n 5 ni Python yóò kà á, ó kéré tán, nítorí pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní àmì kan ṣoṣo fún Ẹ̀: Ẹ dá dúró, àmì ohùn rẹ̀ náà dá dúró. Ẹ má yọ àmì náà kúrò lára orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi unicodedata.combining dá a mọ̀, kí ẹ fò ó nígbà tí ẹ bá ń ka gígùn, kí ẹ wá fi àyè tí ó kù kún ìlà náà fúnra yín kí ẹ tó pe write.