Ìjọ wa ò ní àléébù kan, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ bá àlùfáà wa, kí wọ́n má baà rò pé ẹjọ́ ìjọ ni mò ń rò.

Sátidé tó kọjá la ṣèpàdé ìkórè. Àwọ̀ léèsì tí ẹgbẹ́ obìnrin máa wọ̀ nìkan gbà wá ju wákàtí méjì lọ. Àwọn kan ní búlúù, àwọn kan ní búlúù kẹ̀, ṣé òun kọ́ la wọ̀ lọ́dún tó kọjá? A gbàdúrà ráńpẹ́, a túká. Ni Alhaja tá a jọ ń ta gàrí lọ́jà bá bi mí pé: "Màmá yín tó máa ń kọ ohùn álítò ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́." Nínú gbogbo ìpàdé wa, kò sẹ́ni tó dárúkọ Màmá.

Kò sí olè nínú wa o. Ìwé owó mọ́, ìdámẹ́wàá ń wọlé, akọrin ń kọrin dáadáa, a sì máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí àgọ́ àdúrà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Kí ni kí n wá pe ẹ̀ṣẹ̀ wa? Báwo lèèyàn ṣe ń ronú pìwà dà nínú ohun tí kò lè dárúkọ?

Ọmọ Ṣágámù:
Ààwẹ̀ ni, Mà. Ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, iná á tún ràn.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru:
Ẹ rọra, Ọmọ Ṣágámù. Èèyàn lè gbààwẹ̀ kó tún wá máa fi ààwẹ̀ ọ̀hún yangàn. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí àdúrà ẹ̀ tutù ló ti jókòó pa sójú kan. Níbi iṣẹ́ wa, mo máa ń rí àwọn ìyá tó ń tọ́jú ọkọ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọn ò lè gbàdúrà kọjá "Jésù". Ó rẹ̀ wọ́n ni. Oorun ni wọ́n nílò, àti ẹni tó máa gbà wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ìbáwí. Ẹni tó rẹ̀ ṣì ń ṣàárò Ọlọ́run. Èyí tó ti tẹ́ ara ẹ̀ lọ́rùn ò ṣàárò nǹkan kan. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ò tíì débẹ̀, ẹ ò bá má béèrè.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ tún Ìfihàn orí kejì àti ìkẹta kà. Olúwa dárúkọ àgbèrè fún ìjọ Págámù àti Tíátírà. Kò dárúkọ irú ẹ̀ fún Laodíkéà. Ẹjọ́ tiwọn ni pé wọn ò gbóná, wọn ò sì tutù, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn lọ́rọ̀, àwọn ò sì ṣaláìní ohunkóhun. Ilẹ̀ Tọ́kì òde òní ni ìlú yẹn wà. Ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 60 lẹ́yìn ìbí Olúwa, ilé wó, wọ́n sì fi owó ara wọn tún un kọ́, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Róòmù. Ṣé ẹ ò mọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú? (Ẹ má bínú, ará Rẹ́mọ lásán ni mí.) Ká dá nǹkan ṣe fúnra ẹni, kò burú. Àfi tó bá báni wọ ilé ìsìn. Ẹsẹ ogún tí à ń kà fún aláìgbàgbọ́ nígbà ìsọjí, pé Jésù ń kan ìlẹ̀kùn, ìjọ yẹn ló kọ ọ́ sí. Ìpàdé ń lọ nínú ilé, Òun wà níta.

Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀ náà, ní 1918 tí lùkúlùkú ń pa èèyàn, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Joseph Shadare wà níbẹ̀, olùkọ́bìnrin kan náà wà níbẹ̀, Sophia Odunlami. Àwọn ni wọ́n di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti apá kan ibẹ̀ wá. Àjàkálẹ̀ àrùn ló dá wọn kúnlẹ̀. Ẹ má dúró de tiyín.

Ẹ ní kí lẹ máa pè é? Orúkọ Màmá alálítò ni kẹ́ ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì lọ sílé wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé, Bàbá. Mò ń lọ lọ́la tí mo bá ti kúrò lọ́jà. Mo sọ fún ìyá ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n ya fọ́tò ká lè fi sínú ìròyìn ìkórè.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru:
Ẹ fi fóònù sílẹ̀ sílé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ Màmá. Tó bá wú, tẹ́ ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, tójú ibẹ̀ jin tí ò tètè padà, kí wọ́n má wulẹ̀ máa fi rọ́ọ̀bù pa á. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.