Adé-èso ni kí a kọ́kọ́ sọ lórúkọ

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú dábàá pé kí a máa pe òdòdó kékeré inú aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà, Monoptilon bellioides, ní "ìràwọ̀ aṣálẹ̀", kí a sì fi "ẹ̀yà" pe gbogbo ìpele tí a ń to ewéko sí. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe torí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì wí: Asa Gray, tí ó kọ́kọ́ fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì, pè é ní Eremiastrum, ìtumọ̀ kan náà lédè Gíríìkì.

Ibi tí wọ́n kó o lọ lẹ́yìn náà, ìyẹn Monoptilon, ni ọ̀rọ̀ wà. "Ìyẹ́ kan ṣoṣo" ni Monoptilon túmọ̀ sí, nítorí irun kan péré, tí ṣóńṣó rẹ̀ dà bí ìyẹ́ ẹyẹ, ni ó wà lórí èso M. bellidiforme, ìkejì rẹ̀ nínú Monoptilon. Ti bellioides sábà máa ń pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja (ewéko tí kò ga ju ìka lọ, ta ni yóò dúró wò ó?), kí ó tú orí òdòdó, kí ó sì ka irun èso.

Irun yìí gan-an ni kò tíì ní orúkọ lọ́dọ̀ wa. Ní Kàbà níhìn-ín, ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta tí abẹ́rẹ́ òyìnbó fi ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tí ó ti oko bọ̀, nǹkan kan náà ni pẹ̀lú irun òdòdó Mojave. Òun náà ni òwú funfun tí atẹ́gùn fi ń gbé èso ẹ̀fọ́ yánrin lọ. "Irun" kò bá ti abẹ́rẹ́ òyìnbó mu, "ẹ̀gún" kò sì bá ti yánrin mu. "Adé-èso" ni mo fi lélẹ̀, nítorí orí èso ni gbogbo wọn ń wà, ìbáà ṣe irun tàbí ẹ̀gún. Bí a bá sì fẹ́ túmọ̀ Monoptilon, kí a sọ ọ́ ní "oníyẹ̀ẹ́" lásán. "Oníyẹ̀ẹ́-kan" yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà lórí bellioides.

Ní ti "ẹ̀yà", ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú "ẹ̀yà ara". Dípò rẹ̀, mo pe ìpele ńlá (family) ní "agboolé", èyí tí ó wà nínú rẹ̀ (genus) ní "ojúlé", irú ewéko kọ̀ọ̀kan (species) sì ni ọmọ inú ojúlé. Ewúro, yánrin, abẹ́rẹ́ òyìnbó àti òdòdó yìí jẹ́ ará agboolé kan náà, tí irú ewéko inú rẹ̀ ju 20,000 lọ. Ojúlé ni Monoptilon, ọmọ méjì péré ni ó sì ní. "Ẹ̀yà" nìkan kò lè sọ fún wa pé bellioides kó kúrò ní ojúlé Eremiastrum bọ́ sí ojúlé Monoptilon, tí kò sì jáde kúrò ní agboolé.